Ìyá mi, nípa ìka tí abẹ́rẹ́ gún

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò mi o.

Bùnmi sọ fún mi lórí fóònù pé abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún yín níka, pé ẹ sì tú kápúsù pupa-òun-yẹ́lò sójú egbò náà. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìgbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe tọ́jú orúnkún mi nígbà tí mo wà ní kékeré, n kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo fojú ara mi rí.

Lóṣù tó kọjá, ní yàrá ìwádìí wa ní London, mo fi òwú nu ẹ̀yìn etí mi, mo sì fi pa ojú àwo tí a fi ń gbin bakitéríà. Nígbà tó dọjọ́ kejì wọ́n ti hù, funfun kíún-kíún bí ẹyọ gaàrí. Staphylococcus epidermidis ló pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tí kò ní in lára, kì í sì í sábà ṣeni ní jàǹbá. Mo tún wọn gbìn sójú àwo mìíràn, mo sì gbé bébà tí a fi tetracycline rẹ, oògùn inú kápúsù yẹn gan-an, sáàárín wọn. Àwọn kan kò lè hù nítòsí rẹ̀. Àwọn kan hù títí dé etí bébà náà.

Ẹrù kékeré kan ló wà nínú irú àwọn tó hù yẹn: òrùka DNA tí à ń pè ní plasmid. DNA ni ìlànà tí ẹ̀dá alààyè ń tẹ̀lé, bí ìwé tí a fi lẹ́tà kọ. Lẹ́tà DNA bakitéríà yìí tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Ti òrùka kan tí wọ́n ń pè ní pT181 kò ju bí 4,400 lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ń da tetracycline síta wà. Wọ́n sì ń pín irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ara wọn, títí kan Staphylococcus aureus tó ń fa eéwo.

Ẹrù mìíràn, abala DNA tí à ń pè ní SCCmec, gbé àlùmọ́gàjí tirẹ̀ dání: á gé ara rẹ̀ kúrò lára DNA kan, á lọ lẹ̀ mọ́ òmíràn, bí ẹ ṣe máa ń gé àpò ṣòkòtò Bàbá tó ti gbó, tí ẹ sì ń rán an mọ́ tuntun fún wa. Oríṣi rẹ̀ ti lé ní mẹ́wàá. Òun ló ń jẹ́ kí methicillin, oògùn kan tó ń pa bakitéríà, má ràn wọ́n. Ní Colindale, ní London níhìn-ín, ni wọ́n ti kéde irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ní 1961, nígbà tí oògùn náà ṣì jẹ́ tuntun.

Ìyá mi, nígbàkigbà tí a bá da oògùn sára báyìí, àwọn tó ru ẹrù yìí là ń ro oko fún. Ẹ dákun, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ìka náà, kí ẹ fi aṣọ tó mọ́ dì í. Kí Bùnmi sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, kí wọ́n wò ó, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó ya fọ́tò ìka náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní.

Ọmọ yín,
Tèmítọ́pẹ́