Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dárúkọ àwọn tó ń fọn bagpipe, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ohun kan wà tó ti ń bí mi nínú díẹ̀ tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti gbé fótò ọkùnrin ará Scotland kan jáde, tó wọ síkẹ́ẹ̀tì wọn yẹn, tó há àpò fèrè tí wọ́n ń pè ní bagpipe sábẹ́ apá, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú, ẹ ó kàn kọ sábẹ́ ẹ̀ pé "afọnfèrè kan rèé", ó tán nìyẹn. Ṣé ẹ lè gbé fótò Messi kẹ́ ẹ kọ "agbábọ́ọ̀lù kan rèé" sábẹ́ ẹ̀?

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Queen Elizabeth ní September 19, 2022, gbogbo wa la jọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó rántí ọkùnrin tó dá dúró lókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey, tó ń fọn bagpipe, tó wá yípo tó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ títí a ò fi gbọ́ ohùn fèrè náà mọ́. Paul Burns lorúkọ ẹ̀, ṣọ́jà ni, ipò Pipe Major, ìyẹn olórí àwọn afọnfèrè ṣọ́jà, ló wà, iṣẹ́ afọnfèrè ọba tó sì ń ṣe láàfin nígbà yẹn ti wà láti 1843 tí Queen Victoria ti gba Angus MacKay síṣẹ́.

Ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ẹni téèémí ẹ̀ bá ṣáà ti gùn lè fọn ọ́n. Rárá o. Ohùn mẹ́sàn-án péré ló wà lára ibi tí ìka ń tẹ̀, kò ṣeé fọn jẹ́jẹ́, kò ṣeé fọn kíkan, téèyàn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ orin kò sáyè láti dá fèrè dúró kó sinmi, àpò yẹn á máa tú afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀ lọ ni, nítorí náà téèyàn bá fẹ́ fọn ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì ìka ló máa fi gé e, á ki àwọn ohùn kéékèèké sáàárín tó yára ju kéèyàn ṣẹ́jú lọ. Ọmọ tó bá ń kọ́ ọ kì í tètè fọwọ́ kan àpò, fèrè kékeré tí wọ́n ń pè ní practice chanter ni wọ́n máa fún un, ibẹ̀ ló máa wà títí tí ìka ẹ̀ á fi já gaara. Tó bá wá kan àwọn orin ńlá àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní piobaireachd, ẹnu ni tísà fi ń kọ ọ́ sétí ọmọ, wọ́n ní sílébù tí wọ́n máa ń fi pe ohùn kọ̀ọ̀kan, canntaireachd ni wọ́n ń pè é, ọmọ á gbà á lẹ́nu ẹ̀ kó tó gbé e lọ sórí ìka. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bèèrè láàárín ara wọn pé lọ́dọ̀ ta lo ti kọ́ ọ.

Ẹ wo John MacDonald ará Inverness tó kú ní 1953. Robert Brown àti Robert Nicol kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ọba ní Balmoral, làwọn èèyàn bá ń pè wọ́n ní Bobs of Balmoral, àwọn afọnfèrè sì ń rìnrìn àjò lọ bá wọn níbẹ̀ láti kọ́ ọ. Donald MacLeod, ọmọ erékùṣù Lewis, náà kọ́ lọ́dọ̀ John MacDonald yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọwọ́ àwọn Jámánì tẹ̀ ẹ́ ní St Valéry ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì lọ́dún 1940, ó sì sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó padà wálé, ó kọ àìmọye orin tí wọ́n ṣì ń fọn títí dòní, ó tún gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń fẹnu kọ àwọn orin ńlá yẹn tó sì ń fọn wọ́n, kí ẹni tí ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lè rí wọn kọ́.

Tàbí Willie Ross tó kọ́ àwọn ṣọ́jà ní Edinburgh Castle. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ni John Burgess, ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó gba mẹ́dàlì góòlù ìdíje afọnfèrè tìlú Oban àti tìlú Inverness ní Scotland lọ́dún kan náà, 1950! Àwọn kan fi gbogbo ayé wọn wá ẹyọ kan péré, wọn ò rí i.

Ìyẹn sì ni pé owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí nídìí ẹ̀ o. Seumas MacNeill tóun àti Thomas Pearston dá College of Piping sílẹ̀ ní Glasgow ní 1944, lẹ́kíṣọ́rà physics ni ní yunifásítì. Gordon Duncan ńkọ́? Iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí ló ń ṣe, ìka ẹ̀ sì yára débi pé ó gbé orin AC/DC, àwọn onírọ́ọ̀kì yẹn, sórí bagpipe. Inú àwọn àgbà kan ò dùn sí i rárá, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀ lé e títí dòní. 2005 ló kú, kò tíì pé ọdún méjìlélógójì.

Àwọn obìnrin ni wọ́n tiẹ̀ rẹ́ jẹ jù. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n bá wọn du mẹ́dàlì góòlù títí di àárín àwọn ọdún 1970, Rona Lightfoot tó wá láti South Uist wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ìka ẹ̀ ti mú tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ó di 2010 kí Faye Henderson tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ti Oban, afọnfèrè sì ni ìyá ẹ̀ náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Lóṣù August, tí àwọn ẹgbẹ́ afọnfèrè bá tún kóra jọ sí Glasgow Green fún ìdíje àgbáyé wọn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo fótò kankan, ẹ fi orúkọ ẹni náà sí i, kẹ́ ẹ sì fi ìlà kan kún un pé ọ̀dọ̀ ẹni báyìí ló ti kọ́ṣẹ́. Tí ò bá sáyè, ẹ yọ ìlà tẹ́ ẹ fi ń ṣàlàyé síkẹ́ẹ̀tì kúrò jàre.

Èmi ni tiyín,
òǹkàwé yín látọjọ́ pípẹ́.