Kámẹ́rà tuntun ń dùn mọ́ mi, ó sì tún ń dùn mí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sójú ewé yín, torí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni, àwọn ará ilé mi ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, kì í ṣe fọ́tò ni mo fi ń jẹun, ìfẹ́ ni mo ní sí i. Tí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́ tí mi ò sì ní ìnáwó tí mo fẹ́ lọ, Òkè Àrẹ̀ ni ẹ ó ti bá mi, lórí ilé gogoro Bower, tí mò ń ya àwọn òrùlé páànù tó ti dípatà lọ salalu yẹn, tàbí kí n wà ní Ojà'ba láàárín àwọn aláta.

Tí ilé iṣẹ́ kan bá ti kéde kámẹ́rà tuntun, mi ò kì í sùn bọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Màá wo gbogbo fídíò tí wọ́n bá ti ṣe nípa ẹ̀, inú mi á máa dùn, tó bá yá ọkàn mi á tún dàrú. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnì kankan sọ fún yín pé owó lásán ni wọ́n ń wá o. Nǹkan gidi ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ti ya fọ́tò nínú gbọ̀ngàn ìnáwó lálẹ́ á mọ ohun tí mò ń wí: iná búlúù àti iná àlùkò ń ṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n kan tó dúdú dáadáa dé fìlà dúdú, ó ń náwó fún onílù, kámẹ́rà àtijọ́ á máa wá ibi tó máa dì mú, á lọ, á bọ̀, kó tó rí i ẹ̀gbọ́n ti náwó tán ó ti padà sórí àga. Tó bá sì pàpà yà á, ara fọ́tò á rí bí ìgbà tí wọ́n da yanrìn sí i. Àwọn ti ìsinsìnyí, ẹyinjú èèyàn gan-an ni wọ́n ń wá, tí wọ́n bá sì ti dì í mú wọn kì í fi sílẹ̀. Sony a9 III tí wọ́n kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, gbogbo ojú sẹ́ńsọ̀ ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ló ń ka ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í kà á ní ìlà-ìlà láti òkè wá sílẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ àwọn tó kù. Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹ fi àwọn mirrorless kan, ìyẹn kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, ya onílù láìlo ṣátà tó ń dún (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé fún ìmọ́lẹ̀), ẹ ó rí i tí ọwọ́ ọkùnrin náà á wọ́, á tẹ̀ síbi tí kò yẹ. Ìyẹn ò sí nínú èyí mọ́. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo gbọ́, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ò lè tó o.

(Wọn ò tíì mọ ti egúngún ṣá. Ọ̀rẹ́ mi yá mi ní ọ̀kan lọ́dún egúngún, àwọ̀n bo ojú egúngún, kámẹ́rà ò rí ojú níbẹ̀, ló bá ń fò lọ dì mọ́ ojú àwọn tó ń wòran lẹ́yìn. Àfi ìgbà tí mo pa ìwá-ojú yẹn kí n tó rí nǹkan yà.)

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Nikon Z6 III jáde ní oṣù Kẹfà 2024, nǹkan bíi 2,500 dọ́là ni wọ́n pè é l'Ámẹ́ríkà, kò tíì sí lẹ́ńsì níbẹ̀ o. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni báńkì ń pe dọ́là kan, lójú títì ó ti lé ní 700, a mọ̀. Nígbà tí kámẹ́rà yìí fi máa jáde, dọ́là ti wà ní nǹkan bíi 1,500. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ohun tí báńkì ì bá pè ní 1,150,000 náírà ti di 3,750,000 láàárín ọdún kan. Olùkọ́ wo ló fẹ́ rà á?

Nítorí náà tókùnbọ̀ là ń lò. Ibẹ̀ gan-an ni mi ò ti lè bínú sí kámẹ́rà tuntun, torí ìgbà tí òyìnbó bá ra tuntun ló ń ta ti àná, ti àná yẹn ló sì ń dé ọ̀dọ̀ wa. Nikon D90 tó wà lọ́wọ́ mi, ọdún 2008 ló jáde, megapixel 12.3 péré, òun sì ni DSLR (kámẹ́rà oní-dígí nínú) àkọ́kọ́ tó ń ya fídíò láyé. Ẹnì kan níbì kan ló rà tuntun kí èyí tó kàn mí. Mo tẹ fọ́tò kan tí mo fi yà sí 12 x 18 ínǹṣì, ó wà lára ògiri pálọ̀ mi, àlejò tó bá wọlé á dúró tì í, á ní ta ló yà á.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni ohun tí ariwo tuntun yìí ń ṣe fáwọn ọmọ wa. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó mọ fọ́tò yà ju èmi lọ, Canon tókùnbọ̀ ló ń lò, ó ń ya àwọn ìyá arúgbó lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, iṣẹ́ ẹ̀ ń dán. Wọ́n sọ fún un pé kámẹ́rà ẹ̀ ti kọjá lọ. Ó ti gbé e sínú àpótí, ó ń dá àjọ de tuntun, láti ìgbà yẹn kò ya nǹkan kan mọ́. Àwọn kan ò tilẹ̀ ní wo fọ́tò tẹ́ ẹ yà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni "kámẹ́rà wo lẹ ń lò?" Ó ń bí mi nínú, mi ò ní purọ́. Olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Íbàdàn níbí lọ́dún 1954, kámẹ́rà Brownie D tí kò ní fíláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sì wá ń ya irun àwọn obìnrin wa láti 1968 lọ, ṣùkú, onílé gogoro àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, dúdú àti funfun ni, ẹ̀yìn orí ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, gbogbo ayé ló sì ń wò ó títí dòní.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kejì ni pé tuntun ń jẹ́ kí wọ́n já ti àtijọ́ jù sílẹ̀. Lẹ́ńsì tó bá ẹnu Nikon F mu ti wà láti 1959. Nígbà tí Z, ẹnu tuntun ti Nikon, dé lọ́dún 2018 wọ́n ṣe ohun tí wọ́n á fi so lẹ́ńsì àtijọ́ mọ́ ọn, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò nínú ẹ̀, ẹni tó bá ní lẹ́ńsì àtijọ́ bíi 50mm AF-D tí kò ní mọ́tò tiẹ̀, ọwọ́ ni yóò máa fi yí i kó tó ríran. Lẹ́ńsì náà ò bàjẹ́ o! Bátìrì pàápàá, ayédèrú ló kún ìgboro, wọ́n á kọ 1500 mAh sí i lára, ẹ máa gbé e jáde láti Mọ́kọ́lá, ẹ ò ní tíì dé Bẹẹrẹ tó fi máa kú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe nìyí. Ṣátà D90, 100,000 fọ́tò ni wọ́n ní ó máa yà, tèmi ti ń sún mọ́ ọn, ó ti ń dún gbuuru nígbà míì. Gbogbo ibi tí mo gbé e lọ, wọ́n ní kí n lọ ra òmíràn. Tí ẹnì kan nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín bá mọ ẹni tó ń tún ṣátà ṣe n'Íbàdàn, kódà kó jẹ́ Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta, ẹ bá wa gbé orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ jáde, a pọ̀ tá a ń wá a.

Èmi ni òǹkàwé yín,
láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.