Gbígba Ohùn Sílẹ̀ Yàtọ̀ sí Pípa Ohùn Mọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìròyìn kíkọ ní èdè wa. Mo kọ ìwé yìí nítorí àròkọ kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti sọ pé níwọ̀n bí fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà báyìí, rárà, ìjálá, oríkì àti ẹkún ìyàwó kò tún lè parun mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún òǹkọ̀wé náà, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ àṣà ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́, nítorí ohun tí ojú mi ń rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín yàtọ̀ pátápátá. Fóònù ń gba ohùn sílẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí ẹ̀rọ tó tíì mú iṣẹ́ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí ohùn náà wà fún ogún ọdún sí i, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè gbọ́ ọ, iṣẹ́ mìíràn gbáà nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí kásẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni ọrọ̀ wa pọ̀ sí jù. Ní ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ Philips kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀ ní ìlú Berlin, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 1980, agbo ilé tí kò ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì kò wọ́pọ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìsìnkú àgbà, ìkómọ, ìwúyè, ìwàásù, wákà, ọdún egúngún, gbogbo rẹ̀ ni àwọn òbí wa gbà sílẹ̀. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nínú àpótí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lórí àjà, àwọn tó ni wọ́n sì gbà pé ohun ìní àwọn wà ní ìpamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀rá tín-ín-rín tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ̀fun ìpẹtà irin mọ́ lára, inú ìyẹ̀fun yìí gan-an ni ohùn sì wà. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba gọ́ọ̀mù náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, téèpù á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, ìyẹ̀fun á máa ré bọ́ bí ẹ̀rọ bá ti ń yí i, ohun tó bá sì ti ré bọ́ kò ṣeé dá padà mọ́. Mo tú ọ̀kan wò láìpẹ́ yìí, kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú bàbá kan tí a mọ̀ sí apohùn rárà ní àdúgbò wa. Ẹ̀gbẹ́ téèpù náà ti bu funfun, tìmùtìmù kékeré tó máa ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ ti jábọ́ sínú ike, okùn téèpù fúnra rẹ̀ sì ti ká kò bí ìwé tí omi bọ́ sí. A rí ìdajì ojú kan gbọ́. Ojú kejì kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a fi ń pàdánù wọn, ọwọ́ ara wa ni a sì fi ń ṣe é. Ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, eyín kékeré méjì wà níbẹ̀, tí a bá ṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ kò ní gbà kí a gba nǹkan mìíràn lé ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé bí a bá fi bébà tàbí sẹ́lótéèpù dí ihò náà, ẹ̀rọ yóò gbà? Báyìí ni orin tó lóde lọ́jọ́ náà ṣe gorí ohùn ìyá àgbà ní ilé púpọ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ju wá lọ pẹ̀lú. Àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó gbé ènìyàn lọ sórí òṣùpá ní oṣù Keje ọdún 1969, jẹ́wọ́ ní 2009 pé àwọn téèpù tí àwòrán ọjọ́ náà tó mọ́ kedere jù lọ wà lórí wọn kò sí mọ́, àti pé ó jọ pé wọ́n ti pa ohun tó wà lórí wọn rẹ́, kí wọ́n lè tún téèpù náà lò nígbà tí téèpù wọ́n wọn.

Fóònù tí a gbójú lé kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tiẹ̀ tún yára ju kásẹ́ẹ̀tì lọ láti gbàgbé. Ní agbo ilé tiwa, ìyá kan wà tó mọ ẹkún ìyàwó ní àmọ̀já, irú èyí tí ọmọge fi ń dágbére fún bàbá àti ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, tí ó fi ń dárúkọ àwọn baba ńlá ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì wọn. Àbúrò mi obìnrin jókòó tì í, ó sì gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Kò pẹ́ tí fóònù náà kọ̀ tí kò tàn mọ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n sì bá a ṣe é lóòótọ́, àfi pé wọ́n ti flash rẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún un, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti lọ. Ìyá náà ti di olóògbé báyìí. Inú ń bí mi títí di òní, kì í sì í ṣe sí ẹni tó tún fóònù ṣe nìkan, bí kò ṣe sí irọ́ tí gbogbo wa ń pa fún ara wa pé ohun tó bá ti wọ fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Káàdì mẹ́mórì náà ní àìsàn tirẹ̀. Iná mànàmáná kíún tí a há mọ́ inú àwọn ihò tí ojú kò lè rí ni ó dúró fún ohùn nínú káàdì, iná yìí a sì máa jò jáde bí ọdún ti ń gorí ọdún, pàápàá níbi tó bá gbóná. Ayédèrú káàdì tún pọ̀ lọ́jà, wọn á kọ GB 64 sí i lára nígbà tí inú rẹ̀ kò ju GB 8 lọ, bí ó bá sì ti kún, yóò máa fi tuntun pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti WhatsApp, ohun tí a bá fi sí sítátọ́ọ̀sì yóò pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, àwòrán tí a bá sì ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn, fífún ni wọ́n ń fún un kó lè kéré, tí kì í fi í mọ́ tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Bí ẹnìkan bá wá ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí a gbé gbogbo rẹ̀ sí, mo gbà pé ó dára, bí kò bá ti jẹ́ ibẹ̀ nìkan. Ní 2019, ìkànnì MySpace kéde pé orin, fọ́tò àti fídíò tí àwọn ènìyàn ti ń gbé síbẹ̀ fún ọdún méjìlá ti ṣègbé nígbà tí àwọn ń kó ẹrù láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Google náà ti sọ ọ́ ní 2023 pé àkántì tí ẹni tó ni ín kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún méjì lè di pípa rẹ́ pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan nínú ilé bá ṣí àkántì, tó kó ohùn gbogbo ẹbí sí i, tó sì kú láìfi páásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ta ni yóò bá a ṣí i?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí a wá rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí a fi òwú tí a rin sínú sípíríìtì nu orí rẹ̀ kí a tó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, kí a fi okùn so ibi tí a ń ki gbohùngbohùn etí bọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí a sì gba ohùn náà bó ti ń sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá nílé wa: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan yóò gba wákàtí kan. Irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní WAV ni kí a fi pa á mọ́, nítorí pé MP3 a máa yọ lára ohùn kó lè kéré. Ìṣẹ́jú kan WAV kò ju nǹkan bíi MB 10 lọ, nítorí náà káàdì GB 32 tó jẹ́ ojúlówó lè gba bíi wákàtí 50. Lẹ́yìn náà ni kí a dà á kọ ní ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan wà nílé, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú mìíràn, kí ọ̀kan sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a sì máa ṣí wọn wò lọ́dọọdún.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì, tí àwọn ọ̀dọ́ wa kì í sì í náání, ni orúkọ. Mo ti rí fóònù tí ohùn àgbà kún inú rẹ̀, tí gbogbo fáìlì náà ń jẹ́ AUD-20230514-WA0007 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹni tó ni fóònù náà kò sì lè sọ ta ló ń sọ̀rọ̀ mọ́. Kí àgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ àgbà náà, agbo ilé rẹ̀, ìlú àti ọjọ́, kí ó sì bi í bóyá ó fẹ́ kí ayé gbọ́ ọ tàbí kí ó wà láàárín ẹbí nìkan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí wọ́n bọ́ sí ìta, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa àti Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, tó ti wà láàárín wa láti 1990, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ya ọjọ́ díẹ̀ sọ́tọ̀ ní àsìkò Iléyá, Àjíǹde tàbí Kérésì, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá wálé, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ síta, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì nílé gbé e wá, kí wọ́n bá a gba ohùn inú rẹ̀ sí káàdì lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́. Kí ará Ọ̀yọ́ ṣe tiwọn pẹ̀lú, nítorí bí apohùn rárà ti pọ̀ láàfin ni kásẹ́ẹ̀tì wọn ṣe pọ̀ ní ilé àwọn ọmọ wọn. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, bí ẹ bá lè yọ̀ǹda ìdajì ojú ewé kan fún mi nínú oṣù tó ń bọ̀, n óò kọ bí a ti ń so okùn náà àti bí a ti ń nu téèpù tó ti bu, ní ọ̀nà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama fi lè tẹ̀ lé e.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.