Ihò kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì la ó wá

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ilé o. Bí a bá ti dárúkọ ọjọ́ méjì fún iṣẹ́ dídí ihò tí páìpù èéfín iná gáàsì àtijọ́ fi sílẹ̀ lára ògiri, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, “Ṣé torí ihò kan náà ni?” Òun náà ni.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé oníbíríkì, ògiri méjì ni páìpù èéfín iná gáàsì àtijọ́, èyí tí wọ́n fi ń mú yàrá gbóná, gbà kọjá: ti inú àti ti ìta, àlàfo sì wà láàárín wọn. Àlàfo yẹn ni kì í jẹ́ kí omi òjò tó rin ògiri ìta wọlé bá yín.

Àmọ́ gáàsì ló ṣáájú. Birikílà ni wá, a kì í fọwọ́ kan án. Ẹni tó níwèé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì ni kó yọ iná náà, kó dí ẹnu páìpù rẹ̀, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń jò. Ẹ jọ̀ọ́, “mo ti yí i pa” kò tó.

Bí páìpù èéfín náà bá jọ símẹ́ǹtì, tí kì í ṣe irin, a ó dáwọ́ dúró ná. Asbestos, ohun bí òwú tí wọ́n máa ń pò mọ́ símẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀, lè wà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1999 ni wọ́n tó fòfin dè é tán. Ẹ má fi ayùn kàn án.

Àwọn kan á ní ká ṣáà fín fóòmù sí i. Ká má purọ́, àwa náà ti ṣe é rí. A fín fóòmù, a rẹ́ símẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e níta, a gbowó, a lọ. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, àbàwọ́n tó tó àwo ìjẹun yọ lára ògiri pálọ̀. Nígbà tí a hú u, a rí èérún símẹ́ǹtì tó já bọ́ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ó jókòó sórí irin tó so ògiri méjèèjì pọ̀, ó di afárá fún omi. A tún un ṣe, a ò gbowó kejì.

Látìgbà náà, a máa ń ki àpò sínú àlàfo kí òòlù tó dún, a sì máa ń yọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá gbà. Bíríkì la fi ń dí ògiri ìta, a tún fi dí ti inú lọ́tọ̀, a kì í kan àlàfo. Ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ ká tó padà wá rẹ́ inú. Bí a bá kánjú rẹ́ ẹ, á là.

Bó bá jẹ́ pé inú ṣímínì àtijọ́, ọ̀nà èéfín tí wọ́n mọ gòkè dé òrùlé, ni èéfín yín ń gbà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: a ó fi ojú afẹ́fẹ́ kékeré sílẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa há síbẹ̀.

Ẹ má sì ní ká bá yín dí ihò afẹ́fẹ́ tí iná gáàsì mìíràn nínú yàrá ń lò. Carbon monoxide, èéfín olóró tí iná gáàsì máa ń tú jáde bí afẹ́fẹ́ kò bá tó o, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pani lójú oorun. A ò ní gbà, kódà bí ẹ bá fẹ́ san ìlọ́po méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ pè wá, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ihò náà látìta, kí bíríkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn, ká lè wá èyí tó bá a mu.

Àwa birikílà yín