Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Eré Ìdárayá Tí Àwọn Ọmọ Wa Yóò Máa Ṣe

Abẹ́òkúta,
Oṣù Kìíní, ọdún 2026

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ kú ọyẹ́ náà o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí àwọn ọmọ padà wá ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àti ìdánwò wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà ni ti eré ìdárayá tí a máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà yìí, nítorí pé ara ọmọ yín ló kàn, a ò sì lè dá a ṣe lẹ́yìn yín.

Gbogbo kíláàsì, láti Pírámárì Kìíní dé SS3, ni yóò máa ṣe ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Wọn kò kàn ní tò sórí ìlà, kí wọ́n na apá, kí wọ́n sì wọlé. Wọn yóò fi agbára ṣe é fún ìgbà díẹ̀, wọn yóò sinmi, wọn yóò tún ṣe é. Ohun tí wọ́n máa ṣe kò ṣàjèjì sí ara rárá: bíbẹ̀rẹ̀ àti dídìde, fífò, fífi ọwọ́ méjèèjì ti ara kúrò nílẹ̀, sísáré díẹ̀, àti, fún àwọn tó ti kúrò ní pírámárì, gbígbé nǹkan nílẹ̀ àti rírù ú rìn. Ọmọ tó bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun àtẹ̀gùn nílé, tàbí tó ti bá ìyá rẹ̀ fún aṣọ àdìrẹ tó rin gbingbin ní Ìtòkú, ti ṣe irú rẹ̀ rí. A fẹ́ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa ṣe é tí ẹ̀yìn àti orúnkún wọn kò ní fara gbá a.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ tó 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí èyí tó le àti èyí tó ń mú iṣan àti egungun lágbára sì wà nínú rẹ̀, ó kéré tán, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ yín. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń gbé e wá, òun náà ló ń gbé e padà. Tó bá délé, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ló kàn, lẹ́yìn náà ó di fóònù. Nínú ìlú olókè yìí, tí àwọn bàbá wa ń fẹsẹ̀ gun àpáta rẹ̀ lójoojúmọ́, mo ń rí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń mí hẹlẹ kó tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé kíláàsì rẹ̀. Ó ń dùn mí dọ́kàn.

Àwọn kan nínú yín ti fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, níbi tí àwọn géńdé ti ń gbé irin ńlá sókè tí òógùn sì bò wọ́n, ẹ ní ṣé ohun tí a fẹ́ máa fi ọmọ yín ṣe nìyẹn. Ìbéèrè náà tọ́. CrossFit ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ rí yẹn, irú ìdárayá líle kan tí Greg Glassman dá sílẹ̀ ní California ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2004, tọkọtaya kan, Jeff àti Mikki Martin, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà rẹ̀ tó wà fún ọmọdé. Ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ wọn tí mo fara mọ́ pátápátá: kí ẹni tó ń kọ́ ọ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ṣe é, kó máa ṣe é bó ṣe yẹ nígbà gbogbo, kó tó di pé ó ń yára tàbí pé ó ń gbé ẹrù.

Àwọn mìíràn béèrè nípa Tabata, ìdárayá líle ìgbà kúkúrú tí wọ́n fi orúkọ ẹni tó ṣe ìwádìí rẹ̀ pè. Izumi Tabata, onímọ̀ ará Japan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìwádìí náà jáde ní ọdún 1996: 20 ìṣẹ́jú-àáyá iṣẹ́ líle, 10 ìṣẹ́jú-àáyá ìsinmi, àṣetúnṣe. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò, orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ni wọ́n sì wà. A ò lè gbé e lé ọmọ JSS1 lórí bẹ́ẹ̀. Tiwa yóò jẹ́ 20 ìṣẹ́jú-àáyá iṣẹ́, 40 ìṣẹ́jú-àáyá ìsinmi, ọmọ tí kò bá sì lè ṣe é bó ṣe yẹ mọ́ yóò dúró, ì báà jẹ́ pé agbára ṣì wà lára rẹ̀.

Ìbẹ̀rù pé ọmọ tó bá ń gbé nǹkan kò ní ga mọ́ ńkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ̀rọ̀ lórí èyí ní ọdún 2020: ìdárayá agbára tó létò, tí ẹni tó mọṣẹ́ ń bójú tó, kì í dí ìdàgbà ọmọ lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé ìkángun egungun ọmọdé, níbi tó ti ń gùn sí i, kò tíì le tán. Ẹrù tó ju agbára lọ àti eré tí kò sí àgbà níbẹ̀ ló ń ṣe é léṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ pírámárì kò fi ní gbé ohunkóhun. Ẹkùn mẹ́ran, okùn fífò àti rírákò ni tiwọn. Àwọn ọmọ JSS yóò fi páìpù omi oníke kọ́ bí a ṣe ń gbé nǹkan. Àwọn SS nìkan ni yóò gbé àpò iyanrìn kékeré, lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Èyí tó kàn yìí ló jẹ mí lógún jù. Láti sáà yìí lọ, olùkọ́ tàbí prefect kankan kò gbọ́dọ̀ fi frog jump, pick pin tàbí ìlóṣòó jẹ ọmọ níyà mọ́ nílé-ìwé yìí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti fi frog jump san gbèsè pípẹ́ dé, tí ẹ bá ní kó fò lórí pápá, ìyà nìkan ni yóò máa rántí. Bí yóò ṣe kórìíra lílo ara rẹ̀ títí yóò fi dàgbà nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, nínú ìyà, kò sí ìmúra ara sílẹ̀, kò sí ìsinmi, kò sí ẹni tó ń wo orúnkún. Àfi kó máa fò títí yóò fi ṣubú. Irú àṣejù bẹ́ẹ̀ lè fọ́ iṣan, kí ohun inú iṣan dà sínú ẹ̀jẹ̀, kó sì kọlu kíndìnrín. Tí ẹsẹ̀ ọmọ bá wú, tó ń dùn ún ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi kóòkì, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi àgbo dá a dúró. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká pa irú ìyà bẹ́ẹ̀ tì nílé náà.

Fọ́ọ̀mù ìlera wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún wa. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC, àrùn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, lè bá wọn ṣe díẹ̀díẹ̀ tí dókítà rẹ̀ bá gbà, ṣùgbọ́n òùngbẹ, òtútù òwúrọ̀ ọyẹ́ àti àṣejù lè dá ìrora sílẹ̀ fún un. Àní àwọn AS pàápàá gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sì máa sinmi. Ọmọ tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú inhaler rẹ̀ wá sórí pápá, kì í ṣe kó wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé. Tí ọmọ bá ti dákú rí níbi tó ti ń sáré, tàbí tí àyà máa ń dùn ún, kò ní bá wọn ṣe àfi tí a bá rí ìwé dókítà. Mi ò ní sọ àṣírí ọmọ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ ìdárayá, nọ́ọ̀sì àti èmi nìkan ni yóò rí fọ́ọ̀mù náà.

Láti ìgbà tí Gateway Games, ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, ti wáyé níbí ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, ara àwọn ọmọkùnrin kíláàsì SS ti gbóná sí eré ìdárayá. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń lọ gbé irin tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì inú agolo dì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, láàárín àwọn àgbà, tí wọ́n sì ń mu energy drink lé e lórí. Ẹ dá wọn lẹ́kun. Ògì àti àkàrà láàárọ̀, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti oorun tó pọ̀ tó fún ọmọ tó ń dàgbà. Kò nílò ìyẹ̀fun kankan láti inú ike láti fi kó iṣan jọ.

Ẹ̀yin ìyá ọmọbìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ tiyín sílẹ̀. Ìgbà ìbàlágà yìí gan-an ni egungun ń kó agbára jọ tí yóò lò di ọjọ́ alẹ́. Wọ́n lè wọ ṣòkòtò gígùn, wọ́n lè wọ híjáàbù. Tí nǹkan oṣù bá dé tí ara kò sì gbé e, kí wọ́n sọ fún olùkọ́bìnrin, wọn kò ní ṣe é lọ́jọ́ náà. Ààwẹ̀ Rámàdáánì yóò bọ́ sí àárín sáà. Ọmọ tó bá ń gbààwẹ̀ yóò kàn máa na ara ni, kò ní sáré.

A ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ipò nínú ìdárayá yìí. Ẹni tó bá fẹ́ díje, inter-house wà fún un ní oṣù Kẹta. Ní ìparí sáà, gbogbo JSS àti SS yóò jọ gun Òkè Olúmọ. Àtẹ̀gùn la máa gbà, òbí tó bá fẹ́ lè bá wa gùn ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó ilé-ìwé sí báńkì, kì í ṣe sí ọwọ́ olùkọ́. Agogo méjì àbọ̀ ni ilé-ìwé ń jáde. Ẹ tètè máa wá mú àwọn kéékèèké. Àtòjọ àkókò ìdánwò yóò dé ọwọ́ yín lẹ́yìn ìsinmi àárín sáà.

Ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìlera, kí ẹ sì dá a padà kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Ọmọ tí a kò bá rí fọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò jókòó sábẹ́ igi máńgòrò máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí a ó fi rí i. Tí ìbéèrè bá wà, mo wà ní ọ́fíìsì mi lójoojúmọ́ lẹ́yìn àpéjọ òwúrọ̀.

Tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀gá Ilé-Ìwé