Ìyá Ìbejì, wá gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́jà

Ìyá Ìbejì mi,

Òtútù Kánádà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Mo gbọ́ voice note ẹ, ìgbà tó o ní o lá àlá ìkòkòrè mo rẹ́rìn-ín títí. Ìjẹ̀bú-Òde wà bó o ṣe fi sílẹ̀, iná ò sí, a ò sì retí ẹ̀.

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún ẹ lónìí. O rántí ọmọbìnrin JSS3 tí mo sọ fún ẹ, èyí tó máa ń jókòó sẹ́yìn tí kì í sọ̀rọ̀, tó máa ń pa kíláàsì jẹ ṣáá? Mo ti pè é ní ìsáǹsá lójú gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀, mo ti ní kó kúnlẹ̀, mo ní kó lọ pe ìyá ẹ̀ wá, kò pè é. Àfi bí mo ṣe lọ ra gààrí ní Sátidé kan tí mo bá a nídìí igbá, ó wé gèlè bí ìyálọ́jà, ó ń wọn gààrí fún obìnrin kan tó fẹ́ kóńgò mẹ́fà. ₦950 ni kóńgò kan lọ́jọ́ yẹn. Èmi tíṣà máàsì ṣì ń wá fóònù nínú báàgì, ọmọ yìí ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ń fọwọ́ gún orí kóńgò kó lè ṣóńṣó, ó ní "ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ẹ yọ ọ̀ọ́dúnrún." ₦5,700. Kí n tó rí calculator ó ti fún obìnrin yẹn ní ṣéńjì, ó ti bu èènì sí i.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú mo kọ 6(1000 − 50) sí bọ́ọ̀dù, ó ń wò mí bí ẹni ń wo fíìmù Ṣáínà. Nǹkan kan náà mà ni! 950 ni 1000 tá a yọ 50 nínú ẹ̀, tó bá di ọ̀nà mẹ́fà, 6000 ni, ká yọ 300. Àbí kí ni màmá àgbà wa ń ṣe tí wọ́n bá ń ka márùndínláàádọ́ta, ṣebí àádọ́ta ni wọ́n yọ márùn-ún nínú ẹ̀.

Mo délé, mo ṣí rẹ́jísítà. Mọ́ńdè kò wá, Fúráìdè kò wá, Túsìdè kò wá, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e Wẹ́sìdè, ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ Tọ́sìdè, àwọn tó bọ́ sí Sátidé àti Sọ́ńdè láàárín ò sí nínú rẹ́jísítà. Ọjà ọrún ni! Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, bí àwọn àgbà bá ka tòní mọ́ ọn wọ́n á ní márùn-ún. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sequence, tí mò ń ní kí wọ́n wá nọ́ńbà tó kàn, sequence wà nínú ìwé ọwọ́ mi látọjọ́ yìí, mi ò rí i. Ojú tì mí, Ìyá Ìbejì. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó má bínú. Ilẹ̀ ló ń wò, ó ní "Àǹtí, kò tọ́pẹ́," ọ̀rọ̀ tí ò bára mu rárá, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ní báyìí tó bá ti di ọjọ́ ọjà, tí a bá ṣíwọ́, ìdí igbá ìyá ẹ̀ ni wàá ti bá mi, tí mò ń kọ́ ọ ní máàsì. Ó kọ́kọ́ jẹ́ òun nìkan, àwọn ọmọ aláta gbọ́, ọmọ ọlọ́ràá gbọ́, wọ́n ti di méje. Àwọn tíṣà yòókù ní gààrí ọ̀fẹ́ ni mò ń wá (ìyá ẹ̀ máa ń fún mi lóòótọ́, ẹnu mi ò gba kí n ní mi ò gbà). Ìyá náà ò tíì gbà tán o, ó ní kí lobìnrin fẹ́ fi máàsì ṣe. Mo sọ ìtàn Grace Alele-Williams fún un, pé máàsì ló kọ́ tó fi di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ vice-chancellor ní Nàìjíríà, ní UNIBEN lọ́dún 1985. Ìbéèrè tó bi mí ni pé, "Ṣé ó lọ́kọ?" Mo ní ó lọ́kọ, ó bímọ. Ó ní ó dáa, òun gbọ́.

Lóṣù tó kọjá mo kó wọn lọ Òkè-Èrì, sí Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ tí gígùn ẹ̀ tó 160 kìlómítà tá a kàn máa ń gbọ́ ìtàn ẹ̀ yẹn, ká lọ wọn gíga ẹ̀. A so òwú mọ́ protractor, a so nọ́ọ̀tù ọ̀kadà sídìí òwú, a lẹ ike bírò mọ́ ọn tí wọ́n á máa yọjú wò. Mo ti ní kí wọ́n máa rìn sẹ́yìn títí igun tí wọ́n fi ń wo orí odi yóò fi di digírì 45, bí wọ́n bá ṣe jìnnà sí odi tó, tá a bá ro gíga ojú wọn mọ́ ọn, ni gíga odi. A sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà, àyè ò sí! Mítà mẹ́rin péré, ẹ̀yìn mi ti kan òdìkejì. Mo dúró bí òmùgọ̀. Ọmọ onígààrí yìí ló ní "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ka iye tó bá pè, ká wò ó nínú tébù." Igun náà jẹ́ digírì 70. Tan ẹ̀, ìyẹn iye tá a fi ń sọ jíjìnnà di gíga, jẹ́ 2.747 nínú tébù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ro gíga láti ilẹ̀ dé ojú ẹni tó ń wò mọ́ ọn, ó lé ní mítà méjìlá. Ariwo tí wọ́n pa, àwọn ará abúlé jáde wá wò wá.

Ẹnì kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù Kejìlá, mo ti di gààrí kóńgò mẹ́rin fún ẹ. Ọmọ náà ló wọ̀n ọ́n. Ó ní kí n bi ẹ́ pé ọjà bọ́ sí Sátidé tó kọjá, ọjọ́ mélòó ló máa pé kó tó tún bọ́ sí Sátidé? Ó ní ẹ má fi fóònù ṣe é o.

Èmi ni,
Àǹtí Máàsì