Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: kí ẹ tó so PoE switch mọ́ ẹ̀rọ inú ilé yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú àtìlẹ́yìn o.

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá jù nípa PoE switch, ìyẹn àpótí oníhò tó ń fi wáyà kan ṣoṣo pín íntánẹ́ẹ̀tì àti iná fún ẹ̀rọ bíi kámẹ́rà, ni pé, "Tí mo bá ki wáyà kọ̀ǹpútà mi bọ̀ ọ́, ṣé kò ní jó?" Ẹ ò jẹ̀bi. Wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì náà ló tún ń gbé iná, iná ọ̀hún sì máa ń tó nǹkan bíi volt 48. Ìdáhùn wa ni pé ọwọ́ irú èyí tí ẹ rà ló wà.

Èyí tó bá ìlànà mu máa ń kágò kó tó wọlé. Iná kékeré kan ló kọ́kọ́ ń rán gba inú wáyà, láti wò ó bóyá ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún ń gba PoE. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún un á dáhùn. Kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣọ̀n kò ní dáhùn, dátà nìkan ni wọ́n á sì rí gbà. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni ẹ ó fi dá a mọ̀: 802.3af ti ọdún 2003, tó ń fún ihò kọ̀ọ̀kan ní watt 15.4; 802.3at ti 2009, tó ń fún un ní 30, àti 802.3bt ti 2018, tó lè dé 90.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù ni èyí tí wọ́n kọ "passive PoE" sí lára. Ìyẹn kì í kágò rárá. Bí ẹ bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́ báyìí, iná ti wọlé, ì báà jẹ́ volt 24 tàbí 48, ó sì lè ba ihò kọ̀ǹpútà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ aláìlókùn kan tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé ń lò ó, kò sì burú fún wọn. Ẹ ṣáà má so nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Ẹjọ́ tí a ń gbọ́ jù ni ti kámẹ́rà tó ń kú lálẹ́. Lọ́sàn-án, kò sí wàhálà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀kan á kú, wọ́n á ní kámẹ́rà ti bàjẹ́. Kámẹ́rà kò ṣe nǹkan kan. Switch oníhò mẹ́jọ lè kọ watt 30 sára fún ihò kọ̀ọ̀kan, kí àpapọ̀ ohun tó lè pín má sì ju 60 lọ. Ká ní kámẹ́rà márùn-ún ń jẹ watt 5 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rọ Wi-Fi kan ń jẹ 15: ó di 40. Lálẹ́, iná infrared tí kámẹ́rà fi ń ríran nínú òkùnkùn á tàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa jẹ 11, ó ti di 70 nìyẹn. Switch á febi pa ẹnì kan kí àwọn yòókù lè jẹun. Àpapọ̀ yẹn, tí wọ́n ń pè ní PoE budget, ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Iye ihò kọ́.

Wáyà náà ńkọ́? Bàbà ló yẹ kó jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ CCA sí, tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀ díẹ̀: bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rà. Irú rẹ̀ máa ń gbóná ju bàbà lọ, ó ń jẹ nínú iná kó tó dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, ó sì tètè ń kán. Ẹ lo wáyà tí wọ́n kọ Cat5e tàbí Cat6 sí, oníbàbà gidi, kó má gùn ju mítà 100 lọ.

Bí wáyà bá jáde síta, ẹ fi surge protector ti PoE, ìyẹn ohun tó ń dènà iná ààrá, sí ibi tó ti ń wọlé, kí ẹ so ó mọ́ wáyà tó lọ sínú ilẹ̀. Ààrá kò ní láti sán lu kámẹ́rà gan-an kó tó ṣe jàǹbá. Ìtòsí ti tó. Ẹ má ti switch mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, torí ó ń gbóná. Bí ẹ bá sì fẹ́ yọ wáyà, ẹ pa switch ná: yíyọ ọ́ nígbà tí iná ń kọjá máa ń ta iná bíńtín tó ń jẹ irin ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó wá rà á, ẹ ya fọ́tò àkọlé tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó bá yín ṣírò watt wọn, ti alẹ́ ni a ó sì fi ṣe é, kì í ṣe ti ọ̀sán.